Bàbá Dezső Tí Kò Ṣeé Lé Níṣẹ́

Ohun tí gbogbo ìlú Győr fi mọ Bàbá Dezső ni ọbẹ̀ tó jẹ mọ́ oníbàárà lọ́wọ́. Ọkùnrin kan tó máa ń jẹun kiri lórí tẹlifíṣàn wá sí ilé oúnjẹ Aranka lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, òun àti ẹni tó gbé kámẹ́rà. Tábìlì mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀. Aranka ló ń dáná, Bàbá Dezső ló ń gbé oúnjẹ fáwọn èèyàn. Ọkùnrin náà ní ẹran tí wọ́n wé sínú ewé kábéèjì lòun máa kọ́kọ́ jẹ, kí ọbẹ̀ tútù tí wọ́n fi èso ṣẹ́rì sè wá kẹ́yìn, torí pé ó dùn bíi ṣúgà. Ọbẹ̀ ṣẹ́rì ni Bàbá Dezső kọ́kọ́ gbé wá.

"Mo ní ìgbẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ gbé eléyìí wá."

"Mo gbọ́. Àmọ́ ọbẹ̀ ni. Ọbẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀."

Ọkùnrin náà dá a padà. Bàbá Dezső gbé e, ó fi rìn yí tábìlì kan ká, ó tún gbé e padà wá. Nígbà tí wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀kejì, ó fa àga, ó jókòó dojú kọ àlejò náà, ó mú ṣíbí, ó sì jẹ ọbẹ̀ náà tán níṣojú kámẹ́rà. Ó nu ẹnu.

"Ó ti kúrò níbẹ̀," ó ní. "A lè wá máa bọ́ sórí kábéèjì."

Ojú ẹsẹ̀ ni Aranka lé e níṣẹ́. Ó dá obìnrin náà lójú pé ilé oúnjẹ òun ti parí nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó bá Bàbá Dezső tó ń bó àlùbọ́sà.

"Bàbá, mo lé yín níṣẹ́ lánàá."

"Àná nìyẹn," ó ní, ó sì mú àlùbọ́sà mìíràn.

Nígbà tí tẹlifíṣàn gbé e jáde, èrò tò dé ibùdó bọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ bèèrè ohun tí wọ́n sè. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá náà á jẹ tiwọn.

Gizella, oníbàárà wọn kan tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, ò jẹ́ gbà fún un bọ̀rọ̀. Ojoojúmọ́ làwọn méjèèjì ń nájà láìsí owó níbẹ̀.

"Wàrà díndín, Bàbá Dezső."

"Rárá. O jẹ ẹ́ níjẹta, o tún jẹ ẹ́ lánàá. Omi ọbẹ̀ adìyẹ lo máa mu lónìí."

"Èmi kọ́ ni mo fẹ́ sanwó ni?"

"Ẹsẹ̀ ẹ ló máa gun àtẹ̀gùn délé. Mo ti rí bó ṣe wú."

"Ó dáa. Mo máa mu omi adìyẹ, kẹ́ ẹ fún mi ní ìdajì wàrà."

"Ìdámẹ́rin."

"Ìdámẹ́ta, láìsí ọ̀dùnkún."

Bàbá ronú díẹ̀. "Ìdámẹ́ta. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa gé e."

Ìdámẹ́ta tó gé wá kéré débi pé olùkọ́ ìṣirò bi í ní irú ilé ìwé tó lọ.

Nígbà tó yá, onílé tí Aranka ń sanwó ilé oúnjẹ fún fẹ́ gba ilé rẹ̀ padà fún ẹni tó ń ta fóònù. Ó rán aṣojú kan wá, tòun ti ìwé pé kí wọ́n kó jáde láàárín oṣù mẹ́ta. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló dé. Aranka ò jáde ní kíṣìnnì. Bàbá Dezső gbé ìkòkò kábéèjì sórí ìwé náà.

"Bàbá, ìwé onílé lẹ gbé ìkòkò lé yẹn."

"Mo rí i. Ìkòkò gbóná, tábìlì á jó." Ó fa àga sáàárín àwọn mẹ́ta tó ti ń jẹun. "Tó o bá máa bá wa jà, kọ́kọ́ jókòó kó o jẹun."

Aṣojú jẹun. Nígbà tó máa fi mú ìwé rẹ̀, epo ata ti ta sí i débi pé kò ṣeé kà mọ́. Ó ní òun á mú òmíràn wá.

"Mú un wá lỌ́jọ́bọ̀," ni Bàbá Dezső wí. "Kábéèjì tún máa wà."

Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta, ìwé mẹ́ta, ìkòkò mẹ́ta. Ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin, onílé fúnra rẹ̀ fi ìbínú dé. Bàbá Dezső dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì léjìká.

"Ilé mi nìyí," ni onílé wí.

"Ilé ẹ ni. Àga ló jẹ́ tiwa. Ṣé wàá jókòó, àbí wàá gbé ilé ẹ lọ?"

Onílé jókòó. Kó tó kúrò níbẹ̀, ó fún wọn lọ́dún márùn-ún sí i. Ó ní ẹni tó fẹ́ ta fóònù ló yí ọkàn padà. Ọbẹ̀ kábéèjì ṣì wà lára táì rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Aranka tún lé Bàbá Dezső níṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ sí onílé já a láyà. Bàbá bi í pé aago mélòó ni kóun dé lọ́la.

Nígbà tó pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀yìn àga mú tó bá ń kọjá. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, kó fiṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Aranka ò pariwo.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo lé yín. Ẹ lọ sinmi."

"Kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi."

Aranka kọ ọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá Dezső fi awò sójú, ó yọ pẹ́ńsùlù létí, ó sì fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ méjì tó ti ṣi lẹ́tà kọ. "Tó o bá tún un kọ dáadáa, màá lọ."

Aranka ò tún un kọ. Ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì fún un, ibẹ̀ ni bàbá ti ń pàṣẹ ohun tí kálukú máa jẹ, títí di oṣù kẹfà. Ọjọ́ Ajé tí wọn kì í ṣí ló kú. Gizella ní kò jẹ́ pa iṣẹ́ jẹ láé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n padà sílé oúnjẹ. Vilma, àbúrò Bàbá Dezső tó wá láti abúlé, jókòó sẹ́tí tábìlì bí ẹni tó ń tijú.

"Mà, kí lẹ máa jẹ?" ni Aranka bi í.

"Ohun tẹ́ ẹ bá ní. Ọjọ́ Ajé ló máa ń wá bá wa, kò sì sígbà tó jẹ́ ká yan oúnjẹ nínú ilé ara wa."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Gizella, ló bá ran gbogbo ilé. Vilma náà rẹ́rìn-ín, ó nu ojú.

"Ó máa ń sọ̀rọ̀ rẹ," ó sọ fún Aranka. "Ó ní ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ti lé òun, òun sì lọ. Ó ní ìwọ nìkan lo máa ń lé òun tí oúnjẹ àárọ̀ òun á ṣì wà lórí iná lọ́jọ́ kejì."

Aranka wo ilẹ̀. "Mo kàn máa ń ṣèèṣì sè é pọ̀ jù ni."

"Fún ọdún méjìlélógún?" ni Gizella bèèrè, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

Aranka mú àwo. Ó bu ọbẹ̀ fún Vilma, ó gé búrẹ́dì sí i, ó sì jókòó tì í títí obìnrin náà fi jẹun tán.