Àlàfo Tó Wà Lára Bútà

“‘Ẹ má wo bútà o. Àlàfo ni kẹ́ẹ máa wò.’” Imú ni Ròkíátù fi ń sọ ọ́, ó sì ń fa ṣòkòtò sókè bí ọ̀gá wọn ṣe máa ń ṣe. “‘Delight nìkan ló gbọ́ mi. Ọmọ dáadáa.’ Ọmọ dáadáa, ẹnu ẹ rèé.”

“Àǹtí Ròkíà, kí ni mo ṣe fún yín gan-an?”

“Kí lo tiẹ̀ mọ̀ nípa bútà? Ṣé wọ́n ń ṣe àlùwàlá ní Arepo tiyín ni?”

Delight dìde. Ó lọ fọ èédú ọwọ́ ẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Adéyanjú tó ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù n'Ibafo ni wọ́n wà. Ọdún mẹ́ta ni Ròkíátù ti lò níbẹ̀. Òun ló ń kọ ọ́ sára fẹ́ǹsì káàkiri Mowe pé ilé yìí kì í ṣe títà, lẹ́tà ẹ̀ a sì gún régé. Oṣù mẹ́ta péré ni Delight dé. Àmọ́ iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi kan l'Agbado fẹ́ kí wọ́n ya àwòrán sí gbogbo ògiri àwọn, Ọ̀gá sì ní ẹnì kan ṣoṣo lòun máa mú dání. Ó gbé bútà kan àti àpótí ìjókòó sórí tábìlì láàárọ̀. Ẹni tó bá yà wọ́n dáadáa ló ń bá òun lọ.

Ẹ̀rín pa Ròkíátù. Bútà kẹ̀? Bútà tó ń fi ṣe àlùwàlá lójoojúmọ́ ayé ẹ̀? Kò tiẹ̀ wojú ẹ̀ tó fi yà á tán, ẹnu gígùn, ọwọ́ ràbàtà.

Ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò. “Bútà ilé yín nìyí. Èyí tó wà lórí tábìlì ńkọ́?”

Delight, tí ò fọwọ́ kan bútà rí, ò ya bútà rárá. Àlàfo tó wà láàárín ọwọ́ bútà àti ikùn ẹ̀ ló kọ́kọ́ fi èédú kùn dúdú. Ó wá kun èyí tó wà láàárín ẹnu ẹ̀ àti àpótí. Nígbà tó yá, bútà jókòó funfun sáàárín bébà bí ẹni gbé e síbẹ̀. Ó wá ku ẹsẹ̀ àpótí nìkan. Ọkàn Ròkíátù ń ta á bí ẹni fata sí i.

Ìdí ìjà wọn nìyẹn. Bí Delight ṣe wà nídìí omi báyìí, Ròkíátù yọ́ dé ìdí tábìlì, ó yí bútà díẹ̀, kò ju ìbú ìka lọ. Ó sáré padà, ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì tí ò dọ̀tí.

Delight jókòó. Ó wo bútà, ó wo bébà. “Àlàfo yìí ti fún,” ló sọ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó dìde, ó yí bútà padà, ó di ojú kan, ó tún tì í bíńtín. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ọ̀gá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fa píọ́wọ́tà mu. Kò bèèrè ẹni tó yí i. Ó kàn wo Ròkíátù títí, ó jáde.

Ròkíátù dojú bébà tiẹ̀ dé. Ó mú èédú, ó wo àlàfo ọwọ́ bútà fúngbà àkọ́kọ́. Ó rí bí etí èèyàn. Ó kùn ún sẹ́yìn bébà, ó kun èkejì. Ó bá mu. Inú wá bí i ju tàárọ̀ lọ, torí pé ó bá mu.

“Ròkíátù,” Ọ̀gá pè láti ìta, “wá bá Delight gbé ọ̀dà Agbado wọnú mọ́tò.”