Ìda Tó Dí Ihò Eyín

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni dókítà eyín béèrè láti fi dí ihò tó wà lẹ́nu aránṣọ. Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín.

"Ihò tí kò gba orí abẹ́rẹ́ méjì? Ẹ ṣeun o." Ó kọrí sílé.

Eyín-bí-Abẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ ni kì í ti í fi sísọ́ọ̀sì gé òwú. Bó bá ránṣọ dópin, á tẹríba, ká! òwú ti já.

"Bàbá Ìbejì, sísọ́ọ̀sì wà lórí tábìlì o," ìyàwó rẹ̀ á ní.

"Sísọ́ọ̀sì a máa sọnù. Ta ló rí eyín tó sọnù rí?"

Òwú jíìnsì ló fọ́ eyín inú lọ́hùn-ún. Súwíìtì tó ń lá látàárọ̀ kí oorun má baà gbé e nídìí ẹ̀rọ ló wá sọ ọ́ dihò. Nígbà tó dé láti ọ̀dọ̀ dókítà, ó bu díẹ̀ nínú ìda tó fi ń pa òwú kó má baà ya, ó yí i róbótó, ó kì í bọ ihò náà. Oúnjẹ ò wọbẹ̀ mọ́.

"Ọ̀fẹ́!" ó ní, ó ń yọ̀.

Kò pẹ́ tí eyín náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kìì kìì bí ẹni ń fi òòlù lù ú. Kò lè fẹ̀gbẹ́ yẹn jẹun mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, kókó kan sì yọ lérìgì. Lọ́jọ́ tí kókó náà bẹ́, omi kíkorò kún ẹnu rẹ̀, ìrora sì dá wáí.

"Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà," ìyàwó bẹ̀ ẹ́.

"Ká lọ ṣe kí ni? Ọyún ti jáde. Ìyá Ìbejì, owó ò so lórí igi."

Oògùn tó rà ní kẹ́míìsì, kò lò ó débì kan tó fi pa á tì. Ìyàwó wí títí, kò gbọ́. Ta ní í gbé géńdé pọ̀n lọ sílé ìwòsàn?

Àárọ̀ ọjọ́ kan ló jí tó rí i pé wíwú náà ti sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n, ó ti bọ́ sọ́rùn, ó le bíi pátákó. Ara rẹ̀ gbóná bí iná. Ẹnu rẹ̀ ò là. Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ nítorí kò lè gbé e mì, èémí rẹ̀ sì ń han. Ó ń wo ìyàwó, ìyàwó ń wò ó. Kí ló fẹ́ ṣe? Ìyàwó figbe ta, mẹkáníìkì òdìkejì títì sì gbé wọn sínú ọkọ̀ oníbàárà.

Nílé ìwòsàn, abẹ́ àgbọ̀n ni wọ́n ti là á. Wọ́n fa ọyún, wọ́n yọ eyín. Dókítà eyín tó béèrè ẹgbẹ̀rún mẹ́ta yẹn náà ló fi àwo kékeré han ìyàwó: ìda náà ṣì wà nínú ihò eyín, ó ń dán.

"Ìyá, pé ìrora dá kò sọ pé àrùn ti lọ," dókítà ní. "Oògùn nìkan kì í wò ó. Ọyún gbọ́dọ̀ jáde, ká tọ́jú gbòǹgbò eyín náà tàbí ká yọ ọ́. Bí wíwú bá sì ti dọ́rùn, tí èèyàn ò lè gbé itọ́ mì, ẹni náà ò gbọdọ̀ dúró dọ̀la."

"Ẹ̀yin ẹ rò pé mi ò wí?" ìyàwó ní.

Akọ̀wé owó ti kọ tirẹ̀: ọgọ́sàn-án ẹgbẹ̀rún. Èyí tí wọ́n ní nílé ò tó ìdámẹ́rin rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó lè jókòó, aránṣọ fọwọ́ júwe pé kí wọ́n gbé iṣẹ́ òun wá: ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan, bọ́tìnnì ló kù. Ọrùn rẹ̀ wà nínú báńdéèjì, rọ́bà tín-ín-rín tí ọyún ń gbà jáde yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó rán bọ́tìnnì kan tán, ó gbé òwú lọ sẹ́nu. Ẹnu ò là. Ó na òwú náà sí ìyàwó.

Ìyàwó wá sísọ́ọ̀sì nínú báàgì, kò sí. Ó gbé òwú sẹ́nu ara rẹ̀. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀, ó dìde lọ bá nọ́ọ̀sì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi sísọ́ọ̀sì gé òwú."

"Màmá, ẹ ti sanwó tá a fi máa fún yín ní nǹkan ilé ìwòsàn?"

"A ò tíì san."

Lórí bẹ́ẹ̀dì, aránṣọ ṣì mú òwú náà dání, ó ń retí.