Kúbúrá àti Epìyà Ilé Ìgbẹ̀bí

Ní ọdún 1978, nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba, tí owó yùréníọ́ọ̀mù sì ń kọ́ ilé alájà káàkiri Niamey, olú ìlú Niger, wọ́n gbé iṣẹ́ òyìnbó Faransé kan lọ sí ibi ìwakùsà ní Arlit. Kò lè kó àwọn ẹja ọ̀sìn rẹ̀ dání. Ó gbé wọn, tàwọn tàpótí gíláàsì wọn, fún ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan nítòsí ọjà Petit Marché. Wọ́n gbé àpótí náà sí yàrá tí àwọn aboyún ti ń dúró de ìtọ́jú, òyìnbó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kúbúrá, obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, ni wọ́n ní kó máa tọ́jú wọn. Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, ni wọ́n bí i sí, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ilé ìgbẹ̀bí yìí kan náà ló bímọ ọkùnrin sí, ọmọ náà kò sì lò ju ọjọ́ kan lọ. Hàbíbátù, agbẹ̀bí àgbà tó jẹ́ ọmọ Zarma, ló jókòó tì í lọ́jọ́ náà, òun ló sì fún un níṣẹ́ nígbà tó yá. Sùlù, ọkọ Kúbúrá, tó ń ta aṣọ ní ọjà Wadata, wà ní Kano nígbà náà, níbi tó ti lọ ra ọjà. Kò fojú kan ọmọ náà. Látìgbà yẹn, àwọn méjèèjì kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà rí.

Kò pé oṣù kan tí wàhálà dé inú àpótí. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ìrù wọn á ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ.

"Kó gbogbo wọn dà sódò," Hàbíbátù sọ. "Kò dáa kí aboyún máa wo nǹkan tó ń kú."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lọ́sẹ̀ kan."

Kúbúrá jókòó ti àpótí náà. Ó rí i pé àwọn ẹja mẹ́rin kan, tí ara wọn fẹ̀, tí wọ́n ní ìlà dúdú lára, ló ń ge àwọn yòókù jẹ. Ó bu ọ̀kan sínú korobá, ó gbé e lọ sétí odò, sọ́dọ̀ Àbdùlsàlàm, apẹja arúgbó kan tó jẹ́ Hausa. Bàbá náà fi omi ra ọwọ́ kó tó gbé e.

"Wo imú rẹ̀. Ihò mélòó lo rí lápá kan?"

"Ọ̀kan, Bàbá."

"Méjì ni ọ̀pọ̀ ẹja máa ń ní. Tún wo ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ó ń bọ̀, ó já, ó tún bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Karfasa nìyí."

Kúbúrá bú sẹ́rìn-ín. "Àṣé epìyà ni! Èyí tí ìyá mi máa ń dín!"

"Òun ni, tàbí ìbátan rẹ̀. Ẹja tó fẹ́ràn kó nílé ni. Tí kò bá ti ní ibi tó jẹ́ tirẹ̀, yóò máa bá gbogbo ẹni tó bá kọjá jà ni."

Ni Kúbúrá bá ṣa òkúta létí odò, ó fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n, ó tò wọ́n pẹ̀lú àpáàdì sí igun àpótí. Ó kó ewé omi sí i káwọn kékeré lè ríbi sá sí. Kì í da omi ẹ̀rọ sí i àfi tó bá ti gbé e kalẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí oògùn inú rẹ̀ lè fò lọ. Ó ń gbọ́n tanwíjí fún wọn nínú agbada tó wà lẹ́yìnkùlé. Ìjà náà rọlẹ̀.

Nígbà tí ooru mú gan-an, abo epìyà kan kọ oúnjẹ.

"Èyí náà ti ń kú lọ," Hàbíbátù sọ.

Kúbúrá kúnlẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn. Abẹ́ àgbọ̀n ẹja náà wú. Nígbà tó mi ẹnu, ohun rírẹ̀dòdò kan hàn níbẹ̀.

"Ìyá, kò ṣàìsàn o. Ẹyin ló kó sẹ́nu."

Hàbíbátù wá awò ojú rẹ̀, ó fi í sójú, ó wò ó títí. "Ó lóyún sẹ́nu? Tí kò sì ní jẹun?"

"Kò ní jẹun."

Kúbúrá fi abọ́ bu ẹja náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ̀rù má baà mú kó tu ẹyin náà dànù, ó sì gbé e sínú ọpọ́n kan lọ́tọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná lọ, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi sì kú. Ó mú igbá, ó ń bu omi ọpọ́n náà, ó ń dà á padà láti òkè, títí apá fi ń ro ó. Aboyún kan gba igbá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Òmíràn tún gbà á lọ́wọ́ tìyẹn. Báyìí ni wọ́n ṣe é títí iná fi dé.

Ní ọjọ́ kẹtàlá, epìyà lanu, àwọn ọmọ sì tú jáde, wọn kò ju hóró jéró lọ. Bí òjìji Kúbúrá ṣe bọ́ sórí omi, ìyá wọn tún lanu, gbogbo wọn sì sá wọlé padà.

Ó ròyìn rẹ̀ fún Sùlù nídìí oúnjẹ. Lọ́jọ́ kejì, Sùlù ti ìsọ̀ rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, ó sì wá sí ilé ìgbẹ̀bí tí kò tẹsẹ̀ sí láti ọdún márùn-ún. Ó dúró ti ọpọ́n náà pẹ́.

"Kúbúrá, ọmọ wa yẹn... ta ló jọ?"

"Ẹ̀yin ni. Etí yín gan-an ló gbé. Irun rẹ̀ sì kún."

"Ṣé ó ké?"

"Ó ké dáadáa."

Sùlù fi ọwọ́ ẹ̀wù nu ojú. Kúbúrá dì í lọ́wọ́ mú níwájú gbogbo èèyàn, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Nínú àwọn ọmọ ẹja náà, mọ́kàndínlógún ló dàgbà. Hàbíbátù kò tún sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n dà wọ́n sódò mọ́. Sùlù sì ń wá ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, láti bá ìyàwó rẹ̀ pààrọ̀ omi.