Ẹ̀rọ tí Kò Mọ Ọ̀mì

Òórùn eruku gbígbóná ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, èyí tí ó ń jáde lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan bí a bá ti tàn án pẹ́. A so kọ̀ǹpútà kékeré kan mọ́ ọn nínú yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń kọ́ni ní ìṣirò ní Ìjẹ̀bú-Òde, láàrin àwọn ọdún 1980. Akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan ni ó fi í ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ìwé kan bá a wá, èmi nìkan ni mo sì ní sùúrù láti kà á, ni wọ́n bá sọ mí di ọ̀gá kọ̀ǹpútà. Oyè náà dùn mọ́ mi ju bí ó ti yẹ lọ.

Eré dáìsì ni ètò àkọ́kọ́ tí mo kọ sínú rẹ̀. Bí a bá tẹ bọ́tìnì kan, ẹ̀rọ yóò da dáìsì kan fún àlejò, yóò da òmíràn fún èmi tíṣà, yóò sì kéde ẹni tí ó borí. Ẹni tí mo kọ ọ́ fún gan-an ni agùnbánirọ̀ kan, ọmọ Èkìtì, tí ó ń kọ́ni ní Yorùbá lọ́dọ̀ wa. Ọdún ìsìn rẹ̀ ti ń parí lọ. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá mi lọ kí ìyá mi ní Ìbẹ̀fún kí ó tó padà sílé, ẹ̀rín ni ó fi ń dá mi lóhùn. Níkẹyìn ó ní kí ẹ̀rọ dá a fún wa: bí mo bá borí, òun á tẹ̀ lé mi; bí òun bá borí, kí n má dúró de òun lẹ́nu géètì mọ́.

Ó tẹ bọ́tìnì. Mẹ́rin yọ fún un, mẹ́rin yọ fún èmi náà. Ẹ̀rọ sì kọ ọ́ gàdàgbà pé tíṣà borí.

“Tíṣà, mẹ́rin àti mẹ́rin, báwo lẹ ṣe borí?”

“Ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀, Àǹtí.”

“Ta ló kọ́ ẹ̀rọ? Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú yìí, ẹ ti fi ọgbọ́n yín sí i nínú.”

Ẹ̀rín ni ó fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ. Mo mọ̀ pé bí ó bá fi èrò pé onírẹ́jẹ ni mí jáde ní yàrá yẹn, ọ̀rọ̀ Ìbẹ̀fún ti parí. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jókòó, kí a jọ wo ohun tí mo kọ. Mo tú ibi tí ẹ̀rọ ti ń da dáìsì palẹ̀, mo tún un tò, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ó sú u.

“Ẹ kà á fún mi ní Yorùbá.”

Mo kà á: bí ti àlejò bá ju ti tíṣà lọ, kọ pé àlejò borí, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kọ pé tíṣà borí.

“‘Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀’ yẹn ti fẹ̀ jù. Ọ̀mì ńkọ́? Àwọn tó ń ta ayò gan-an mọ ọ̀mì. Ẹ̀rọ yín ò mọ̀ ọ́n.”

Gbogbo ohun tí kò bá ti jẹ́ tirẹ̀, títí kan èyí tí ó dọ́gba, ni mo ti kó sápò ara mi láìmọ̀. Baba mi a máa sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò ni mo kọ́ ẹ̀rọ ní irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fi ìbéèrè kejì kún un: bí ti tíṣà bá ju ti àlejò lọ, tíṣà borí. Bí kò bá sí èyí tó ju èkejì, ọ̀mì. Ẹ̀rọ náà kò ní àmì ohùn, kò sì ní ọ tó ní àmì nísàlẹ̀. Nígbà tí nọ́ńbà tún dọ́gba, OMI ni ó kọ.

“Omi lẹ kọ yẹn, Tíṣà. Ṣé òùngbẹ ń gbẹ ẹ̀rọ ni?”

A rẹ́rìn-ín títí olùtọ́jú ìwé fi wá wò wá. Mo bi í pé àdéhùn wa wá ńkọ́.

“Ọ̀mì ni. Ẹ sọ fún Màmá kí wọ́n se ìkọ́kọrẹ́ sílẹ̀ ní Sátidé. Èmi ni mo fẹ́ lọ o, kò sẹ́ni tó borí mi.”

Lẹ́yìn tí a fẹ́ra, nínú ilé wa, bí àríyànjiyàn bá gùn, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rẹ̀ á ní “omi”, láìfi àmì kankan sí i, ọ̀rọ̀ á sì tán.

Láti ìgbà tí mo ti sin ìyàwó mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ń bi ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: ṣé ó dára tó ti ìgbà tó wà níbí? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mo ti kà á sí ọjọ́ òfò. Àìpẹ́ yìí ni mo rántí pé irú ètò bẹ́ẹ̀ ti ṣì mí lọ́nà rí. Ọjọ́ tí kì í ṣe ayọ̀, tí kì í sì í ṣe òfò, wà, wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Láàárọ̀ yìí mo bu omi nínú àmù, mo gbé ife sẹ́nu, ẹ̀rín sì pa mí.