Gọ́ọ̀mù Tó Yẹ Bàtà Yìnyín

Mo rántí ìgbà tí ooru ọ̀sán Dubai máa ń mú kí títì máa mì lójú ẹni bí omi, tí èmi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Satwa, láàárín àwọn télọ̀, tí màá máa rán bàtà. Bàbá arúgbó kan, ará Pákísítánì, ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ustaad ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ìyẹn ọ̀gá oníṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan láti Mushin, tó ń ra ọjà ní Deira kó lọ sí Èkó, ló mú mi mọ̀ ọ́n. Lórúkọ ṣọ́ọ̀bù Ustaad ni físà mi wà. Bó bá lé mi lónìí, ilé ni mò ń lọ lọ́la.

Mo ti kọ́ṣẹ́ bàtà fún ọdún mẹ́fà kí n tó débẹ̀, mo sì gbà lọ́kàn ara mi pé kò sí bàtà láyé tí n kò mọ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá tíì dé oko bàbá ẹlòmíràn ló ń sọ pé kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun. Èmi gan-an lọmọ yẹn.

Nígbà tí Ustaad lọ sílé ní Pákísítánì lọ wo ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, èmi ló fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí obìnrin tíṣà kan, ará Kánádà, tó ga bí igi àgbọn, fi gbé àpò ńlá wọlé. Ó fa bàtà méjì yọ, bàtà dúdú líle tó ní irin gígùn nísàlẹ̀ bí ọ̀bẹ. N kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ní bàtà họ́kì ni, pé àwọn máa ń wọ̀ ọ́ sáré lórí yìnyín nínú gbọ̀ngàn kan ní Dubai níbẹ̀, tí ẹ̀rọ ti ń mú omi dì. Inú búùtù ọkọ̀ ló gbàgbé rẹ̀ sí, ooru sì ti yọ́ gọ́ọ̀mù rẹ̀. Àtẹ́lẹ̀ ọ̀kan ti yanu níwájú bí ẹja tí omi tán mọ́ lára.

"Ṣé o lè tún un ṣe? Ọjọ́ Jímọ̀ la fẹ́ gbá họ́kì."

"Kò sí wàhálà, madam."

Gọ́ọ̀mù inú túùbù tíńtín, èyí tó máa ń gan lójú ẹsẹ̀, ni mo fún sí i. Kí n tó ka ẹẹ́wàá, ó ti le bí òkúta. Mo gbá bàtà náà mọ́ káńtà, mo fà á, kò mì. Mo tilẹ̀ ń súfèé.

Ọjọ́ Sátidé ni obìnrin náà padà wá, tòun ti báńdéèjì lọ́wọ́ ọ̀tún dé ìgbọ̀nwọ́. Ó gbé bàtà náà sórí káńtà jẹ́jẹ́. Àtẹ́lẹ̀ ti ṣí gbàgà, gọ́ọ̀mù mi sì ti fọ́ wẹ́wẹ́ bí gíláàsì. Orí eré ló ti ṣí mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, tó ṣubú tó fi ọwọ́ gbalẹ̀. Mo rò pé á pariwo, pé á pe ọlọ́pàá. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ṣé o ti rí yìnyín tí mò ń sọ yìí rí?"

"Rárá, mà. Èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹja nìkan ni mo mọ̀. Ẹ forí jì mí, mo purọ́ fún yín."

Ó fi ọwọ́ òsì tọ́ka sẹ́nu ọ̀nà. "Wá wò ó, kó o tó tún fọwọ́ kan bàtà mi."

Bí mo ṣe tẹ̀ lé e lọ nìyẹn. Ilẹ̀kùn méjì la gbà kọjá, ooru sì dúró sẹ́yìn wa. Òtútù rọra fọwọ́ pa mí lójú bí ọyẹ́ àárọ̀ kùtù. Ilẹ̀ ibẹ̀ funfun lọ títí, bí ẹni pé ìkúùkù sọ̀ kalẹ̀ wá sùn síbẹ̀, àwọn èèyàn sì ń lọ lórí rẹ̀ láìgbé ẹsẹ̀, bí lékelèké tí kò ju apá, irin ẹsẹ̀ wọn ń ké ṣììì. N kò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí mò ń lálàá tí mo sì mọ̀ pé mò ń lálàá. Ìgbà tó yá ni ojú oníṣẹ́ tó wà nínú mi tó là. Mo rí bí bàtà ṣe ń lọ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yí, mo rí bí omi ṣe ń wọ ojú rírán rẹ̀. Gọ́ọ̀mù líle kò lè ṣe é. Èyí tó lè tẹ̀ tí kò ní já la ń wá.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ takisí alájọwọ̀ lọ sí Industrial Area, àdúgbò àwọn iléeṣẹ́ ní Sharjah, ìlú tó múlé gbe Dubai. Ará Íńdíà kan tó ń lẹ rọ́bà ilẹ̀kùn ọkọ̀ gbọ́ ẹjọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó bu gọ́ọ̀mù aláwọ̀ oyin sínú agolo fún mi, pẹ̀lú ìgò oògùn kékeré tí wọ́n ń kán sí i kí omi àti ooru má baà ràn án.

"Habibi, ọ̀rẹ́ mi, fi pa ojú méjèèjì, kó o dúró kó gbẹ títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́. Ìgbà yẹn ni kó o tó pa wọ́n pọ̀. Khalas, ó parí."

Ẹni tó ti purọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í tètè gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́ mọ́. Mo gé awọ àti rọ́bà sí wẹ́wẹ́, mo fi oríṣi gọ́ọ̀mù mẹ́ta lẹ̀ wọ́n, mo rì wọ́n sómi, mo sì kó wọn sínú fírísà ní bedspace, yàrá ọlọ́pọ̀ ibùsùn tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ń gbé. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi ṣí fírísà, ó figbe ta.

"Àbúrò! Ṣé ẹja ti wọ́n ní Dubai ni, tó fi jẹ́ awọ bàtà lo fẹ́ sè fún wa?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dà á nù. Físà mi ló wà níbẹ̀ yẹn."

Ó wo ojú mi, ó rọra pa fírísà dé.

Nígbà tí mo tẹ̀ wọ́n wò, ti túùbù tíńtín ṣẹ́ pẹ́ẹ́. Gọ́ọ̀mù funfun ti di omi wàrà. Ti Sharjah tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn, kò ṣí.

Kí n tó lẹ bàtà náà ni Ustaad dé. Mo lè pa ọ̀rọ̀ náà mọ́, nítorí obìnrin náà kò fẹjọ́ sùn. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé abẹ́rẹ́ ló bọ́ lọ́wọ́ mi tí mò ń wá. Mo rò fún un látòkèdélẹ̀. Tíì rẹ̀ tutù sínú ife, èmi sì ti ń fọkàn di ẹrù mi. Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé àwọn awọ yẹn wá, ó ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Lẹ̀ ẹ́," ló wí. "Kí n máa wò ẹ́."

Mo fi omi tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná nu gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, mo fi sáńpépà ha á, mo pa gọ́ọ̀mù tuntun sí i lẹ́ẹ̀mejì, mo sì dúró. N kò dúró bẹ́ẹ̀ rí. Odindi ọjọ́ kan ni bàtà náà fi wà lẹ́nu irin tó fún un pọ̀.

Ó tó bí oṣù méjì kí ọwọ́ obìnrin náà tó san. Ní Jímọ̀ tó máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, Ustaad kírun tán, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun náà ń bọ̀. A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yìnyín náà. Obìnrin náà sáré, ó yí, ó dúró lójijì tí yìnyín fi fọ́n ká bí iyọ̀, ó tún yí. Àtẹ́lẹ̀ kò yẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó wá sọ́dọ̀ wa, ó na ọwọ́ sí Ustaad. Arúgbó náà wo sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò mí, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé yìnyín. Obìnrin náà ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀, aṣọ rẹ̀ gígùn ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ẹ̀rín rẹ̀ sì ń dún káàkiri gbọ̀ngàn bí ẹ̀rín ọmọ ọdún márùn-ún.

Ó ti pẹ́ tí mo ti padà sílé. Ustaad ti dolóògbé, n kò sì mọ ibi tí obìnrin náà wà láyé. Mo fẹ́ bi bàbá náà nígbà kan pé kí ló dé tí kò lé mi, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á. Nísinsìnyí tí èmi náà ti di ọ̀gá, bí ọmọṣẹ́ bá ba iṣẹ́ jẹ́ tó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ fún mi, mo máa ń mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn lára. Ìbínú ló ń kọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n inú dídùn kan máa ń wà lábẹ́ rẹ̀, tí n kì í jẹ́ kí wọ́n rí.