Ajá Tí A Gbé Lọ sí Gonzagueville

Láàárọ̀ àná, aládùúgbò mi ń fi kirésíìlì fọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò gbé Abidjan rí, oògùn apakòkòrò kan ni, ó máa ń di funfun bíi wàrà tí wọ́n bá ti dà á sómi, òórùn rẹ̀ sì lè dá àlejò padà láti títì. Bí òórùn náà ṣe gba ojú fèrèsé wọlé báyìí, mo gbé ife kọfí mi sílẹ̀. Àgbàlá wa àtijọ́ ládùúgbò Marcory ni mo rí, ajá wa pupa lórí àpò sìmẹ́ǹtì nídìí ẹ̀rọ omi, àti màmá mi tó ká ìró sókè, tó ń da kirésíìlì síbi tí ajá náà tọ̀ sí. Inú bí mi lójú ẹsẹ̀. Irun funfun ti ń yọ lórí mi, síbẹ̀ inú ṣì ń bí mi, nítorí náà ẹ̀yin ọmọdé, ẹ jókòó kí n sọ ọ́ fún yín.

Àgbàlá wa jẹ́ irú èyí tí yàrá tò yíká, tí gbogbo wa ń lo ẹ̀rọ omi kan, balùwẹ̀ kan, àti igi máńgòrò kan tí ẹnikẹ́ni ò gbìn ṣùgbọ́n tí gbogbo èèyàn ń jà lé lórí. Èjìgbò ni ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa ti wá. Àwa ọmọ, Abidjan ni wọ́n bí wa sí. Yorùbá làwọn àgbà fi ń pè wá, Faransé la fi ń dá wọn lóhùn, àmọ́ tí pàṣán bá ti jáde, kíá ni Yorùbá ń já gaara lẹ́nu wa. Màmá mi ń ta abọ́ tánganran àti ike lọ́jà. Bàbá mi ti kú, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, Dúpẹ́, ń gbé lọ́dọ̀ ìyá bàbá wa nílé, nítorí náà èmi àti màmá nìkan ló wà nínú yàrá wa, ẹnu àwọn èèyàn sì pọ̀ lára wa gan-an.

Ẹnu yẹn náà ló fa orúkọ ajá wa. Ẹ ṣáà mọ Yorùbá: bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ sí aládùúgbò lára tí a ò fẹ́ ìjà, ajá la fi ń sọ ọ́. Nígbà tí àwọn kan ń sọ kiri pé opó kì í rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ yẹn pẹ̀lú oníbàárà, màmá mi lọ gba ọmọ ajá kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ta èédú, ó sì sọ ọ́ ní Tiyínńkọ́. Láràárọ̀ ni yóò dúró láàárín àgbàlá, yóò fi gbogbo ọ̀fun pè é: "Tiyínńkọ́ o! Tiyínńkọ́!" Ẹ ó gbọ́ tí fèrèsé á máa pa dé, gbàgà, gbàgà. Ajá yẹn nìkan ni inú rẹ̀ ń dùn sí orúkọ náà. Á sáré wá, á da omi tí wọ́n fi ń fọṣọ nù, èpè á sì bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni mo ń fún un lóúnjẹ, àtíéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ níbí, tó bá ṣẹ́kù àti orí ẹja. Tí mo bá ti iléèwé dé, á ti wà lẹ́nu géètì. Gbogbo ohun tí mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, etí ajá yẹn ni mo ń sọ ọ́ sí, pàápàá ọ̀rọ̀ ìṣirò tó ń fìyà jẹ mí.

Ọdún deux mille un ni, ìyẹn 2001, tàbí kó ti wọ deux mille deux. Taksí kan lára àwọn tí a ń pè ní wòróòwòró gbá a lójú títì. Kò kú. Ì bá mà ti kú! Ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣẹ́. Láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, kò lè gbé nǹkan kan mọ́. Ẹsẹ̀ iwájú ló fi ń wọ́ ara nílẹ̀, egbò jẹ itan rẹ̀ wọnú, eṣinṣin sì bò ó. Ó wá ń ké. Kì í ṣe pé ó ń gbó o, ohùn tín-ín-rín kan ni, tí kò dáwọ́ dúró. Àwọn ará àgbàlá ń gbé ohùn rédíò sókè kí wọ́n má baà gbọ́ ọ.

Oníbàárà màmá kan sọ fún un pé dókítà ẹranko wà ládùúgbò Riviera, pé bí kò bá sí ohun tí wọ́n lè ṣe mọ́, abẹ́rẹ́ kan wà tí ẹranko á fi sùn tí kò ní jí. Ọ̀rọ̀ yìí dé etí Bàbá Ràfíù, àgbà àgbàlá wa, ẹni tí gbogbo ẹni tó bá ti Èjìgbò dé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ kí.

"Ìyá Dúpẹ́," ó ní, "ìwọ lo sọ ajá yìí lórúkọ. Èèwọ̀ ni kí o pa á. Gbé e lọ síbi tó jìnnà, kí o fi í sílẹ̀, kó bá tiẹ̀ lọ. Ọwọ́ rẹ á mọ́."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn. Inú igbó ni wọ́n ń gbé e lọ. Nígbà tí kò sì sí igbó ní Marcory, wọ́n ti sọ etí òkun Gonzagueville di igbó. Màmá mi kì í ṣe aláìgbọràn nígbà náà, ẹnu nìkan ló ní. Ó gbà.

A tẹ́ ọ̀rá sẹ́yìn taksí aláwọ̀ omi ọsàn, awakọ̀ ń kùn pé "Maman, ça va gâter mon siège o," pé a ó ba àga òun jẹ́, bí ẹni pé àga rẹ̀ ti dára tẹ́lẹ̀. Ní Gonzagueville, màmá tẹ́ ajá náà sábẹ́ igi àgbọn, ó gbé abọ́ omi àti orí ẹja sí i níwájú. Ó ní kí n má wẹ̀yìn. À ń lọ, iyanrìn ń jó wa lẹ́sẹ̀, mo sì ń gbọ́ ohùn yẹn lẹ́yìn wa. Ló bá dákẹ́.

Mo wẹ̀yìn. Ajá náà ti fi omi àti ẹja sílẹ̀, ó ń wọ́ bọ̀. Gbogbo agbára tó fi ń ké ló ti kó sí ẹsẹ̀ méjèèjì iwájú, iyanrìn ti kún ojú egbò rẹ̀, ó sì ń wò wá. Kò bínú. Ó rò pé a gbàgbé òun ni.

Màmá mi jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn bí ẹni tí wọ́n tì. "Ọwọ́ wo ló mọ́ níbí?" ló wí. "Ọwọ́ wo ló mọ́ níbí, Olúwa mi?" Ó dìde, ó tú ìró òkè rẹ̀, ó fi wé ajá náà, ó gbé e mọ́ àyà. Riviera la gbà lọ, a gba orí afárá kọjá ọ̀sà.

Obìnrin ni dókítà náà. Ó yẹ ẹ̀yìn ajá wò, ó mi orí. "Maman, yako," ó ní, bí a ṣe ń kí ẹni tí nǹkan dùn níbí, ó wá sọ pé ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn kí wọ́n dúró síta.

"Non. Mo wà níbí."

Màmá gbé ọwọ́ lé ajá náà lórí. Ó pe orúkọ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò fi bá ẹnikẹ́ni wí lọ́jọ́ yẹn. Abẹ́rẹ́ náà wọlé, ara ajá náà tú, orí rẹ̀ wúwo sí ọwọ́ màmá, ohùn yẹn sì tán. Mo sunkún gan-an, ṣùgbọ́n mo rántí pé ara tù mí, n ò sì ní tọrọ gáfárà fún ìyẹn.

Màmá gbé òkú rẹ̀ wá sílé lójú ọ̀sán gangan, ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀ lójú gbogbo wọn. Bàbá Ràfíù jáde. "O pa á."

"Mo pa á, Bàbá. Mo dì í mú títí ó fi kú. Ta nínú yín ni ì bá lọ wò ó ní Gonzagueville?"

Bàbá Ràfíù yí ẹ̀yìn padà, ó wọlé. Àmọ́ wọ́n fi ìyà rẹ̀ jẹ ẹ́. Wọ́n ní kó kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, ó ní ó tì. Láti ọjọ́ náà, wọn kò jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí obìnrin kan bá bímọ lágbàálá, wọn kì í gbé ọmọ náà fún màmá mi, ẹni tó jẹ́ pé òun ló ń wẹ ọmọ tuntun fún gbogbo wọn tẹ́lẹ̀. Èyí dùn ún ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wa tó bá gbọ́ igbe ìkókó, á sì padà wọlé. Síbẹ̀ kò kúnlẹ̀ títí a fi kó kúrò níbẹ̀.

Ayé ti yí padà báyìí. Àwọn ọmọ òde òní ń gbé ajá wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà bí ẹni ń gbé ọmọ lọ, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn láìsí pé ẹnikẹ́ni ń dá wọn lẹ́jọ́. Ó tiẹ̀ ń rọ àwọn mìíràn lọ́rùn jù. Ẹ gbọ́ o, ajá tó dá lẹ́sẹ̀ ń san, ajá tó darúgbó ń fẹ́ sùùrù, kí agara yín má sì di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bó bá ku ìrora nìkan, àwọn kan ṣì wà tó ń gbé e sínú búùtù mọ́tò, tí wọ́n ń wakọ̀ lọ sí etí òkun, tí wọ́n ń padà wá jẹun, tí wọ́n sì ń pe ara wọn ní aláàánú. Mi ò gbà. Ẹ lè bínú sí mi.

Wọ́n ní ọwọ́ ìyá mi ti dọ̀tí. Nígbà tó kú, èmi ni mo wẹ ọwọ́ náà kí wọ́n tó sin ín, mo yọ òrùka kúrò níbẹ̀, mo fọ àárín ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sì wò ó dáadáa. Ọwọ́ náà mọ́.