Aṣọ Sányán tí Ọkùnrin Faransé Dá Padà

Ìwé ìròyìn Èkó tó kéde ikú ọkùnrin Faransé náà kò fún un ju ìlà mẹ́rin lọ. Irọ́ mẹ́ta ni mo bá nínú wọn: pé ó kórìíra ìlú rẹ̀, pé ẹnu lásán ló ní, kò ṣe ẹnikẹ́ni lóore rí, àti pé ó máa ń gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ènìyàn dúdú. Mo kọ̀wé sí olóòtú, kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo kọ òmíràn, kò tẹ ìyẹn náà. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ síbí, torí ẹ̀bùn tí wọ́n ń wí yẹn, ilé àna ẹ̀gbọ́n mi ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti hun ún.

Ọdún kẹta ogun àwọn òyìnbó ni. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé aṣọ òkè lọ tà ní ọjà kan lẹ́yìn Ìjió, lápá ibi tí Faransé ń ṣèjọba lé lórí. Láti ààlà dé ọjà náà kò ju ìrìn wákàtí kan lọ, bàbá bàbá rẹ̀ sì ti ń ná an kí ẹnikẹ́ni tó pa ààlà kankan. Àwọn sójà yí ọjà ká, wọ́n ń wá géńdé tí wọn yóò kó lọ sójú ogun. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ga, àyà rẹ̀ sì gbòòrò. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n so ó mọ́ àwọn mẹ́fà mìíràn, wọ́n dà wọ́n lọ bí ẹran. Obìnrin oníyọ̀ tó pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló gbé igbá aṣọ náà wálé fún wa, kò dín ẹyọ kan.

Tíṣà ni mí ní Ìsẹ́yìn nígbà náà. Mo ti gba oyè yunifásítì bọ̀ láti Sàró, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ tí a bá kọ dáadáa, wọn yóò dáhùn rẹ̀ dáadáa. Mo kọ ojú ìwé mẹ́ta sí Ajẹ́lẹ̀. Ìjà tí Ìsẹ́yìn àti Òkèhò bá ìjọba jà kò tíì tutù lára rẹ̀. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó bá ti inú ìlú wá, ọ̀tẹ̀ ni lójú rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá wọ ilé onílé, òfin onílé ni yóò mú un, kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ mi.

Akọ̀wé kan, ọmọ Àjàṣẹ́ lábẹ́ Faransé, tó máa ń wá ra aṣọ lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ wa, ló sọ̀rọ̀ ọkùnrin Faransé náà fún mi. Ọmọ ahunṣọ ṣẹ́dà ni ọkùnrin Faransé náà. Ìdí òfì ni ikọ́ pa bàbá rẹ̀ sí. Òun fúnra rẹ̀ ṣe tíṣà, títí wọ́n fi lé e, nítorí pé ó bá àwọn ahunṣọ kọ ìwé ẹ̀hónú nígbà tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n tì í mọ́lé. Nígbà tó jáde, àwọn ahunṣọ náà dìbò fún un, ó di aṣòfin, ó ń jókòó lápá òsì ilé ìgbìmọ̀ wọn, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ń jókòó sí. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ń pàtẹ́wọ́, ó dìde, ó béèrè ohun tí àwọn tí wọ́n ń fi okùn so nílẹ̀ Áfíríkà jẹ Faransé. Wọ́n sọ òkò lu fèrèsé ilé rẹ̀.

Akọ̀wé ní, “Ẹ kọ̀wé sí i. Kò sí ohun tó kù tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.”

Mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó yí i sí Faransé. Bàbá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wà ní ìdí òfì, ó ń wò wá.

“Ọwọ́ òfo lẹ fẹ́ fi bẹ ẹni ńlá?”

“Bàbá, irú wọn kì í gba ẹ̀bùn. Ohun tí wọ́n ń bá àwọn yòókù jà sí gan-an nìyẹn.”

“Ta ló sọ fún ẹ pé kì í wọṣọ?”

“Ó ń wọṣọ, Bàbá.”

“Ó parí. Tíṣà, ìwé lo mọ̀, o ò mọ ẹ̀bẹ̀.”

Ó gbé aṣọ sányán kan jáde, òwú kòkòrò láti etí dé etí, kò fi òwú òyìnbó kankan lú u. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi dì í mọ́ lẹ́tà náà. Mo mọ̀ pé kò yẹ, mo sì dì í. Kí wọ́n ka ìyẹn sí mi lọ́rùn.

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Ọ̀rọ̀ ilé ìwé gbé mi lọ sí Ṣakí fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún, àárín ọjọ́ wọ̀nyí ni ẹrù náà dé: aṣọ sányán ọ̀hún, pẹ̀lú lẹ́tà. Nílẹ̀ wa, ẹni tí a fi nǹkan bẹ̀ tó dá a padà ti fèsì. Kò tún sí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn: wọ́n gbà pé ẹni tí a torí rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ ti kú. Nígbà tí mo fi máa dé, ẹ̀gbọ́n mi ti wà lórí ẹní opó, wọ́n ti fá irun rẹ̀, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ pé àbúrò ọkọ rẹ̀ ni yóò ṣú u lópó. Àbúrò ọkọ náà kò lè wò mí lójú.

“Ta ló kú?”

“Wọ́n dá aṣọ padà,” Bàbá ní.

“Kò síwèé nínú rẹ̀?”

“Ìwé wà. Ìwé kí ni? Aṣọ ti sọ̀rọ̀.”

Mo sọ ohun tí ọmọdé kì í sọ lójú àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi ló dá mi dúró.

“Kà á.”

“Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́.”

“Gbé e lọ bá ẹni tó gbọ́ ọ. Irun mi ti lọ ná. Jẹ́ kí n mọ ohun tó gbé e lọ.”

Mo fẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó bá akọ̀wé ní Ìjió. Ó kà á fún mi lábẹ́ igi òrí. Ọkùnrin náà ní kí a má bínú: òun ti ṣèlérí fún àwọn tó dìbò fóun pé òun ò ní gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó bá ní ẹjọ́ níwájú òun. Ó ní òun fọwọ́ pa etí aṣọ náà, òun mọ iye ọjọ́ tó gbà, ó sì dun òun láti dì í padà. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wà láàyè. Ó ń ru ẹrù ní èbúté kan, ó ń wúkọ́. Tí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì bá lè fọwọ́ sí i pé ará ilẹ̀ tiwọn ni, òun yóò jà títí wọn yóò fi dá a sílẹ̀.

Mo gbé lẹ́tà aṣòfin náà lọ bá Ajẹ́lẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Kò fi àga lọ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n mi dìde lórí ẹní lọ́jọ́ tí mo ti Ìjió dé, kò sì dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ogun, nígbà ọyẹ́, ọkọ rẹ̀ gba ọ̀nà Ìjió wọlé, ó ti rù, ó sì ń wúkọ́. Àwọn méje ni wọ́n so pọ̀. Mi ò rí ẹni tó kọ̀wé fún àwọn mẹ́fà yòókù.

Lọ́dún náà, àwọn ará ìlú rẹ̀ kò dìbò fún ọkùnrin Faransé náà mọ́, nítorí irú ìbéèrè tó béèrè nítorí wa. Bàbá ní kí n dá aṣọ náà padà fún un: ẹ̀bẹ̀ ti tán, ọpẹ́ ló kù. Lẹ́tà nìkan ló padà wá. Ó ní òun kì í ṣe aṣòfin mọ́, kò sí ẹni tó tún ní ẹjọ́ níwájú òun, nítorí náà òun lè gbà á. Ó ní òun tẹ́ ẹ sórí àga bàbá òun. Ẹ̀bùn tí olóòtú yẹn ń wí nìyẹn, ẹyọ kan ṣoṣo, nígbà tí kò ní ohunkóhun tó lè ṣe fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Bàbá kò dá ọwọ́ òfì dúró.

“Ó gbà á?”

“Ó gbà á, Bàbá.”

“Mo sọ fún ẹ pé ó ń wọṣọ.”

Mi ò sọ ti àga fún un.